Ìjókòó Iwájú Nínú Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Ẹni tó ṣe òfin yìí kò gbé búrẹ́dì rí láyé rẹ̀. Òfin ní ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ yọjú sí títì. Ó tún ní àwọn oníìnṣọ́ránsì kò gbọdọ̀ ta ìwé tiwọn fún ọkọ̀ tí kò ní ìwé àyẹ̀wò. Ó wá ní ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba ìwé àyẹ̀wò, àfi kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọgbà àyẹ̀wò, nítorí kò sẹ́ni tí yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Báwo ni yóò ṣe débẹ̀ láì yọjú sí títì? Àwọn aṣòfin rò ó, wọ́n sì ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò nìkan ṣoṣo, ìwé ìpè tí ọgbà náà bá kọ fún èèyàn yóò dúró fún ìwé méjèèjì. Lọ́jọ́ náà, èèyàn lè wa ọkọ̀ láì ní àyẹ̀wò, láì ní ìnṣọ́ránsì, kó sì máa wo ọlọ́pàá lójú kòrókòró. Kìkì pé kó má kó ẹrù, kó má gbé èrò tó ń sanwó, kó sì gba ọ̀nà tó lọ tààrà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu géètì ọgbà. Tó bá yà síbì kankan, fèrèsé ti padé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ ti wà lójú kan lẹ́yìn ilé, tí ewé ń já bọ́ sórí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Ọkọ̀ gígùn ni, ó ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó to pẹpẹ irin síbẹ̀, búrẹ́dì tó bá sì gbé sórí pẹpẹ kì í yí títí tó fi máa dé ìsọ̀ tó ń gbé e lọ. Ó ti lọ gba ọjọ́ àyẹ̀wò tipẹ́tipẹ́ kí ìwé rẹ̀ tó parí, ṣùgbọ́n ọgbà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìlú, ọjọ́ tí wọ́n sì fún un kọjá ọjọ́ tí ìwé parí. Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn? Bó bá jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó yẹ kó ti mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò látọdún tó kọjá.

Ọ̀gá Búrẹ́dì, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì tí Jẹ́jẹ́ ń kó ọjà fún, ti fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Òjò ń wọnú kẹ̀kẹ́, àwọn onísọ̀ ń ráhùn pé búrẹ́dì ń rọ̀ bíi kànìnkànìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ní sùúrù. Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní òpin. Ó ti sọ fún Jẹ́jẹ́ pé tí kò bá gbé ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ dé lówùúrọ̀ ọ̀la, òun yóò fún oníkẹ̀kẹ́ níṣẹ́ náà pátápátá. Ọjọ́ àyẹ̀wò ni òní, aago mẹ́wàá. Ẹni tó bá pàdánù tirẹ̀ yóò tún dúró fún oṣù méjì ààbọ̀.

Nínú ilé, oúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó Jẹ́jẹ́, aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú yàrá ìta, se ìrẹsì àti ẹyin kan. Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá bẹ́ nínú ààrò ni Jẹ́jẹ́ máa ń gbé wálé, ọmọ wọn obìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ a sì jẹ ẹ́ tán kó tó wọ bàtà iléèwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọmọ náà ti ń mu tíì lásán. Ẹyin ti bàbá rẹ̀ ni aránṣọ gbé sínú àwo ọmọ láàárọ̀ yìí. Jẹ́jẹ́ wo ìrẹsì tirẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí, ó wo ẹyin lódìkejì, ó mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun ṣe.

Rédíò ló mọ̀. Rédíò ni wọ́n ń pe ìyá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sùn, tí etí rẹ̀ sì gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti orí òrùlé dé ìsàlẹ̀ kànga. Nídìí ẹ̀rọ omi láfẹ̀mọ́jú, ó bá aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ̀ ń lọ fún àyẹ̀wò, ó ní kí obìnrin gíga yẹn náà lè sinmi ìyà. Aránṣọ béèrè pé obìnrin gíga wo. Ó ya Rédíò lẹ́nu pé kò mọ̀. Ó ní ẹni tó máa ń jókòó níwájú ọkọ̀ lóṣù tó kọjá ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó gùn bí àkàbà, ojú òun ló rí i lẹ́ẹ̀mẹta níbi oríta. Ó wá ní òun kì í dá sọ́rọ̀ tọkọtaya, àwọn méjì tó fẹ́ra ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó sì pọn omi rẹ̀ lọ.

Níwájú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gún aránṣọ. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ra ọkọ̀ yìí, kò tíì jókòó síwájú rẹ̀ rí. Búrẹ́dì ló ń jókòó níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún un pé ilé búrẹ́dì kò fẹ́ kí èèyàn kankan jókòó síbẹ̀, àti pé òwú tó máa ń wà lára aṣọ òun aránṣọ yóò lẹ̀ mọ́ ọjà. Ó gbà. Nígbà tó ru aṣọ iléèwé mẹ́rìnlélógún lórí nínú òjò tó ń lọ kó wọn fún ọ̀gá iléèwé, ọkọ̀ yìí kọjá lára rẹ̀ lójú títì, ọkọ rẹ̀ fun fèrè kí i, ó sì juwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ padà. Obìnrin wo ló wá jókòó síbi tí òun ìyàwó ilé kò lè jókòó sí?

Owú ni. Ẹ má jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Ó mú un láyà, ó gun orí, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí títí tó fi fọ àwo tán. Bó ti ń nu ọwọ́ ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun yóò bá a lọ. Ó ní òun fẹ́ ra òwú lápá ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní kò sí ìdúró lójú ọ̀nà, òfin ò gbà. Ó ní ó dáa, òun ò ní í ra òwú mọ́, òun kàn fẹ́ jókòó ni. Jẹ́jẹ́ wò ó. Kò sí búrẹ́dì nínú ọkọ̀ lónìí, kò sì sí ohun tó lè sọ tí kò ní í dà bí ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí kò tíì gbọ́. Ó ní kó bọ́ síwájú.

Aránṣọ wọ aṣọ tó fi máa ń lọ síbi ìgbéyàwó. Rédíò ti gbé àga síta, ó ń ṣa ìrẹsì, ó kí wọn pé ẹ lọ ire ẹ bọ̀ ire, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn iwájú títí tó fi tì.

Àtẹ́lẹsẹ̀ aránṣọ kò kan ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa. Ìjókòó náà ti lọ sẹ́yìn pátápátá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọdé jókòó sórí àga àgbà. Ó fọwọ́ wá irin tí wọ́n fi ń sún un, kò rí i. Jẹ́jẹ́, tí ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, tí ìwé ìpè wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì ọkọ̀, ní kó máà yọra rẹ̀ lẹ́nu, irin náà wà lápá ọ̀tún, ó le díẹ̀, àfi kéèyàn kọ́kọ́ gbé e sókè. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n kọjá ilé epo. Wọ́n kọjá iléèwé ọmọ wọn. Jẹ́jẹ́ ń wakọ̀ bí ẹni gbé omi kíkún. Lápá òsì, ògiri gígùn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ó lọ títí, ọgbà àyẹ̀wò sì wà lẹ́yìn ibi tí ògiri náà bá parí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ mọ́.

“Dádì,” ni aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Ta ló sún ìjókòó yìí sẹ́yìn?”

Jẹ́jẹ́ wakọ̀ kọjá àmì òpópó tó tẹ̀ lé e.

“Akọ̀wé ilé búrẹ́dì ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.”

“Ẹsẹ̀ tèmi kò dùn mí rí.”

Jẹ́jẹ́ ní ọ̀gá ló ní kí òun máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ìgbà mélòó kan péré ni. Aránṣọ béèrè bóyá ọ̀gá náà ló ní kí ó má sọ fún òun nílé. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Aránṣọ wá béèrè ibi tí akọ̀wé náà ń gbé. Ọkùnrin tó gbọ́n ì bá sọ pé òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kì í tètè rí irọ́ pa, ó fi ìka tọ́ka sí òpópó tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ó ní ilé kẹta níbẹ̀.

“Ẹ yà síbẹ̀.”

“Ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ yà, kí n fojú rí i pé kò sí. Tí ẹ kò bá yà, mo ti rí i nìyẹn.”

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkókò wà. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ẹ̀rù ìyàwó ló mú Jẹ́jẹ́ ṣe ohun tó ṣe. Inú bí i ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sílé tí gbogbo èèyàn ń wò ó bí ẹni tó jalè, ìyàwó rẹ̀ náà wá ń wò ó bẹ́ẹ̀ lónìí, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí rí i pé ọwọ́ òun mọ́. Ó tan iná tó fi ń sọ fún ará ẹ̀yìn pé òun fẹ́ yà, torí ìwà rẹ̀ ni, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yà.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mẹ́rin wà níwájú ilé kejì, lábẹ́ òrùlé ìsọ̀ kan tí wọ́n ti tì. Wọn kò fara pamọ́. Wọ́n kàn ń yẹ sítíkà ara gíláàsì wò, tiwọn nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn gbé ọwọ́ sókè, Jẹ́jẹ́ sì dúró.

Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kí wọn, ó gba ìwé ìpè, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì yin Jẹ́jẹ́ pé àwọn tó ń tọ́jú ìwé báyìí kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹnu òpópó, ó fi bírò tọ́ka sí apá ibi tí ògiri sìmẹ́ńtì ti lọ, ó ní lọ́hùn-ún ni ọgbà àyẹ̀wò wà, kí ló dé tí wọ́n fi wà níbí? Ó ṣàlàyé fún wọn bí olùkọ́. Òfin mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kú lójú ọ̀nà, èèyàn lè yà. Bí ọ̀nà bá dí, èèyàn lè yà.

“Ṣé ọ̀nà dí ni?”

Ó ń wo Jẹ́jẹ́ nígbà tó béèrè. Ohùn rẹ̀ ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ìdáhùn náà kí wọ́n sì máa lọ. Jẹ́jẹ́ yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ó dí, sà,” ni aránṣọ wí. “Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn.”

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ mi orí. Ó gbé bírò lé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ọ̀nà dí. Ìlà kan ló kù kó kọ tán, kí wọ́n sì padà sójú ọ̀nà wọn, kí aago mẹ́wàá bá wọn níbi tó yẹ kó bá wọn. Ìgbà yẹn ni géètì ilé kẹta ṣí.

Obìnrin tó jáde gùn lóòótọ́. Igi méjì ló há sí abíyá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ le gbọnrangandan nínú pílásítà láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé itan. Kò lè ká a kò. Kò sí ọkọ̀ tí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ àfi tí wọ́n bá sún ìjókòó sẹ́yìn dópin. Ó rí ọkọ̀ búrẹ́dì, ojú rẹ̀ là, ó sì yára bó ṣe lè yára.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ọkọ yín pé kó mú yín yà kí n fojú kàn yín. Ẹ wá yà lónìí, lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín dí báyìí? Ọlọ́run á bá mi san án.”

Bírò ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ dúró. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó mọ àwọn èèyàn yìí. Obìnrin náà ní kí ló dé tí òun ò ní í mọ̀ wọ́n, èèyàn òun ni wọ́n, àìsàn òun ni wọ́n wá bẹ̀ wò. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wo aránṣọ. Kò pè é ní onírọ́. Ó fa ìlà lé ohun tó ti kọ, ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yà láti bẹ aláìsàn wò.

Nígbà tí akọ̀wé náà lóye ohun tí ẹnu òun ti ṣe, ó tún sún mọ́ wọn. Ó bẹ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ pé kó kọ ọ́ pé òun ló pè wọ́n. Ọ̀gá ní èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní àyẹ̀wò tí kò sì ní ìnṣọ́ránsì ló wà níwájú òun yìí, tó bá jẹ́ pé ó gbá ọmọ kan níhìn-ín, kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò dáhùn. Jẹ́jẹ́ tí kò tíì gbá adìẹ rí na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i láì bá a jiyàn. Ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ dé, ó gbé imú ọkọ̀ búrẹ́dì sókè, pẹpẹ irin inú rẹ̀ sì ń dún bó ti ń fà á lọ.

Kí ni aránṣọ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń wo akọ̀wé náà. Kò lè ṣàì wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ tó dì, ó wo pílásítà tó ti dọ̀tí níbi ọmọ ìka, ó wo aṣọ tó fọ̀ títí tó fi ṣá, ó ń wá ohun tí òun lè kórìíra. Kò rí i. Ohun tó rí ni eyín, eyín funfun tó tò báramu, ó sì bi ara rẹ̀ pé lójoojúmọ́ tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, ìgbà mélòó ni obìnrin yìí rẹ́rìn-ín níwájú ọkọ̀ náà. Ó mọ̀ pé ìbéèrè yìí kò dáa lákòókò yìí. Ó ń béèrè rẹ̀ síbẹ̀.

Akọ̀wé wọlé, ó gbé búrẹ́dì kan jáde fún ọmọ wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀gbẹ́ wọn bẹ́. Ó ní oníkẹ̀kẹ́ ló já a sílẹ̀ fún òun láàárọ̀. Búrẹ́dì tó ń wá sílé aránṣọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó rántí tíì lásán tí ọmọ náà ń mu, ó tẹ́wọ́ gbà á, ó sì ní ẹ ṣé.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà. Jẹ́jẹ́ wà níwájú, aránṣọ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú búrẹ́dì ní abíyá, bàtà ìgbéyàwó ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ògiri sìmẹ́ńtì dópin lápá ilé wọn, aago iléèwé kan lù mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó gbé orí sókè nínú wọn. Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó yẹ kó ti sọ fún òun. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó ti sọ fún òun ni, pé ẹsẹ̀ ẹni yẹn ló kán, ṣé òun yóò sọ pé kó má gbé aláàbọ̀ ara ni? Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Mo fẹ́ sọ ọ́,” ni Jẹ́jẹ́ wí láì bojú wẹ̀yìn. “Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, mo máa ń rántí ọjọ́ òjò yẹn, tí o ru aṣọ, tí mo fun fèrè fún ọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rìn délé.

Rédíò ṣì wà lórí àga rẹ̀ níta. Ó rí wọn láti òkèèrè, kò rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó rí búrẹ́dì, ìyẹn náà sì tó o. Kí wọ́n tó dé géètì ló ti pariwo oríire sínú ọgbà pé Jẹ́jẹ́ ti gba ìwé, ilé búrẹ́dì ti gba ọkọ̀, ó ti gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́, búrẹ́dì ló kọ́kọ́ fi wálé yìí. Obìnrin onídìrí inú ọgbà náà jáde láti yàrá rẹ̀ tòun ti kóòmù lọ́wọ́, ó kí wọn kú oríire. Bàbá onígíláàsì tó ń gbé lókè kí wọn láti ojú fèrèsé. Jẹ́jẹ́ ní ẹ ṣé, aránṣọ náà ní ẹ ṣé. Kí ni wọn ì bá sọ? Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Búrẹ́dì tẹ̀ wọ́n láago lọ́sàn-án. Akọ̀wé ti pè é, ó ti sunkún fún un lórí fóònù, ó ti ní ẹ̀bi òun ni. Ọ̀gá náà kò bínú, ó ní ó ká òun lára gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní kí Jẹ́jẹ́ rò ó wò, oṣù méjì ààbọ̀, ta ló lè dúró fún oṣù méjì ààbọ̀, àwọn onísọ̀ kò ní í dúró. Oníkẹ̀kẹ́ ti gbà láti ra tapólì tí yóò fi bo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún ilé wọn, ó sì pa fóònù. Jẹ́jẹ́ ṣì gbé tirẹ̀ mọ́ etí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọ dé láti iléèwé, ó rí búrẹ́dì, ó fò sókè. Kò sẹ́ni tó ní kó má fò. Aránṣọ bọ́ aṣọ ìgbéyàwó, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn-sẹ́yìn láì rán nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta tó fi ń ṣiṣẹ́, tó ti fọ̀ tó sì ti lọ̀ ní ìrètí ọ̀la. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rán wọn. Ó gbé wọn ka orí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Ṣé àwọn wọ̀nyí ò lè di ti iléèwé fún ọmọ?”

Aránṣọ wo aṣọ náà. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ títí di oṣù méjì ààbọ̀. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ kankan kò sí ní òpin oṣù méjì ààbọ̀. Ó mú abẹ tó fi ń tú òwú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọrùn. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kejì, ó ń bá a já bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú agolo. Ọmọ dúró láàárín wọn kí wọ́n lè wọn èjìká rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ẹ̀rún rẹ̀ ń dà sára aṣọ funfun náà. Ọdún mẹ́ta nìyí tí ọkùnrin náà kò sí nílé lákòókò yìí rí. Ó jókòó síbi tí ọwọ́ lè tó o, kò sì ní ibì kankan tó ń lọ.

Ẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́kàn aránṣọ. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ó ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa kúnlẹ̀ tí ọmọ bá ti jáde lọ ṣeré. Ọmọ jáde lọ ṣeré. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu.

“Akọ̀wé yẹn,” ló wí. “Ta ni yóò wá máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ báyìí?”

Bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu agolo. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí.

“Oníkẹ̀kẹ́ tó gba iṣẹ́ mi ni,” ló wí. “Òun ni yóò máa gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, níbi tó ti lè na ẹsẹ̀.”

Inú aránṣọ dùn pé kì í ṣe ọkọ òun mọ́. Díẹ̀ ni, kò pẹ́, ojú sì tì í gidigidi pé ó dùn, ó sì yára tẹ orí ba sórí aṣọ funfun náà. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti rí i lójú rẹ̀.